Falconets, Kánádà àti Ọmọ Ìkòròdú

Kánádà ni ìtàn Falconets lórí pápá àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀, Kánádà náà ló sì ti dé òkè téńté. Falconets ni ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ, àwọn àbúrò Super Falcons tí í ṣe ikọ̀ àgbà obìnrin. Láti ọdún 2002 tí FIFA ti dá ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́bìnrin sílẹ̀ títí di ọdún 2024, ìgbà 11 ni wọ́n ti ṣe é, kò sì sí ọ̀kankan tí Nàìjíríà kò bá wọn kópa nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Super Eagles tí gbogbo wa ń torí ẹ̀ pariwo, wọn kò sí ní Ife Àgbáyé 2006, wọn kò sì sí ní ti 2022. Golden Eaglets tó ti gba ife ọ̀dọ́kùnrin lẹ́ẹ̀márùn-ún pàápàá ti jókòó sílé ní 2011 àti 2017. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n nawọ́ sí ikọ̀ tí kì í já orílẹ̀-èdè yìí kulẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yìí ni máa nawọ́ sí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà tẹ́jú fún wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú bọ́ọ̀lù wá bá wa fòfin de àwọn obìnrin ní pápá àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti 1921 títí di 1971, àádọ́ta ọdún gbáko. Nílé wa níbí, àwọn tó fi owó àpò ara wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù obìnrin dìde: ẹgbẹ́ bíi Jegede Babes l'Ékòó àti Ufuoma Babes ní Warri. Nígbà tí wọ́n ṣe Ife Àgbáyé àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní Ṣáínà lọ́dún 1991, Nàìjíríà wà níbẹ̀, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì bọ́ ikọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò ní ibi kankan tó lè gbé e lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò nílé ìwé.

Èyí ló jẹ́ kí ọdún 2002 ṣe pàtàkì. Kánádà ni FIFA gbé ìdíje àkọ́kọ́ náà fún, àwọn tí kò ju ọdún mọ́kàndínlógún lọ ló sì wà fún nígbà náà. Ẹni tó bá mọ Kánádà á mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kọ́ ló wà lọ́kàn wọn jù. Họ́kì orí yìnyín ni. Àwọn ìlú kéékèèké tí èrò inú wọn kò sún mọ́ ti Ìkòròdú rárá ní ikọ̀ họ́kì fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí ogún, wọ́n ní gbọ̀ngàn ìṣeré tiwọn, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ náà káàkiri, àwọn ará ìlú sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó ti mọ bí a ṣe ń náwó sórí eré ìdárayá ọ̀dọ́ ni. Àwọn ìlú Edmonton, Vancouver àti Victoria ni wọ́n ti gbá ìdíje náà. Èrò tó ju 47,000 lọ ló wá wo àṣekágbá ní Edmonton, níbi tí Amẹ́ríkà ti fi àmì ayò kan sí òdo na Kánádà. Nàìjíríà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àmọ́ wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, wọn kò sì yọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń há wọn. Ní Thailand lọ́dún 2004, wọ́n dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2006, nígbà tí FIFA ti sún ọjọ́ orí sí ogún ọdún, wọ́n tún dé ibẹ̀, Brazil sì fi 2-1 dá wọn padà. Ní Chile lọ́dún 2008, ìpele yẹn kan náà ni, Faransé ló na wọ́n, 3-2. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra.

Jámánì lọ́dún 2010 ni ìdènà náà fọ́. Coach Ndem Egan ló kó wọn lọ. Ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, wọ́n bá Amẹ́ríkà pàdé, Amẹ́ríkà tó gba ife ọdún 2008, wọ́n gbá ọ̀mì, wọ́n sì fi pẹnárítì lé wọn lọ. Wọ́n na Kòlóńbíà ní 1-0, wọ́n sì di ikọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gbá àṣekágbá ìdíje obìnrin èyíkéyìí lábẹ́ FIFA. Ní Bielefeld, lójú àwọn onílé, Jámánì na wọ́n ní 2-0. Alexandra Popp tó gbá ti àkọ́kọ́ wọlé gbá góòlù mẹ́wàá nínú ìdíje yẹn, àgbà ọ̀jẹ̀ ló sì dà lẹ́yìn náà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní Jàpáàn, Falconets ṣe ipò kẹrin.

Ibí yìí ni Ìkòròdú ti wọ inú ìtàn náà.

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà tó lọ láti Ìkòròdú gba Itoikin dé Ẹ̀pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀ á rí i pé kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì ni pósìtì. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù gidi, fẹlẹlẹ tó ń bá atẹ́gùn lọ náà ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá gbá méjì wọlé rẹ̀ á bọ́ síta, sẹ́ẹ̀tì mìíràn á wọlé. Àwọn ọmọkùnrin ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n gbá ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó lè yàn án, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi àyè sẹ́ẹ̀tì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ìkòròdú yìí ni wọ́n bí Asisat Oshoala sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 1994, nínú ilé Mùsùlùmí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fara mọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá òun. Ìwé ni wọ́n fẹ́ kí òun kà. Mi ò bá wọn wí. Ta ni ì bá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò tíì rí obìnrin àdúgbò kan tó fi ṣe é jẹun?

FC Robo ló gbà á wọlé ní 2009, ẹgbẹ́ tí Coach Emmanuel Osahon dá sílẹ̀ l'Ékòó. A kì í sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí tó bó ṣe yẹ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó, síbẹ̀ inú rẹ̀ náà ni Rasheedat Ajibade, tó di kápítéènì Super Falcons lẹ́yìn náà, ti jáde. Ọdún mẹ́rin ni Oshoala lò níbẹ̀ kó tó lọ sí Rivers Angels ní Port Harcourt lọ́dún 2013. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Coach Peter Dedevbo kó Falconets padà sí Kánádà.

Ìdíje 2014 yẹn dùn ún sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀mì, 1-1 pẹ̀lú Mẹ́síkò. Nígbà tí wọ́n pàdé Gúúsù Kòríà, ìṣẹ́jú-àáyá kò tíì pé ogún tí Courtney Dike fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé, góòlù tó yá jù nínú ìtàn ìdíje náà títí di ọjọ́ yẹn. Wọ́n borí 2-1, wọ́n sì na Ẹ́ńgílándì bákan náà. Ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, New Zealand ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́: 4-1. Lẹ́yìn náà ni Àríwá Kòríà, tó ti gba ife yìí rí ní 2006, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Amẹ́ríkà lọ sílé. Ní Moncton, Nàìjíríà fi 6-2 bò wọ́n mọ́lẹ̀. Oshoala nìkan gbá mẹ́rin nínú mẹ́fà náà wọlé. Ó lágbára, ó sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ohun tó yani lẹ́nu jù ni sùúrù rẹ̀ níwájú aṣọ́lé.

Pápá ìṣeré Òlíńpíìkì ní Montreal ni àṣekágbá pẹ̀lú Jámánì ti wáyé, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ. Àwọn àgbà tó rántí ọdún 1976 á mọ pápá yẹn. Òlíńpíìkì ọdún náà ni wọ́n kọ́ ọ fún, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó yẹ kó gbá níbi ìdíje náà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó ẹrù wọn padà wálé nítorí pé New Zealand lọ gbá rọ́gíbì ní South Africa nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọdún méjìdínlógójì kọjá kí àwọn ọmọbìnrin yìí tó dé ibẹ̀ wá gbá àṣekágbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti na New Zealand. Falconets ló gbá bọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́jọ́ náà, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Meike Kämper, aṣọ́lé Jámánì, ni kò jẹ́ kó bọ́ sí i. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, òdo sí òdo. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gọ́rùn-ún, nínú àfikún àkókò, Lena Petermann gbá ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, Jámánì sì tún gbé ife lọ. Oshoala ni wọ́n fún ní Bọ́ọ̀lù Wúrà àti Bàtà Wúrà, góòlù méje, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Falconets ti gbá àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Jámánì ti dí wọn lọ́nà. Kì í ṣe pé ọmọ wọn mọ bọ́ọ̀lù ju ọmọ wa lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọbìnrin kékeré ti ní ẹgbẹ́, ó ti ní coach, ó sì ti ní líìgì ní àdúgbò rẹ̀. Tiwa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọ̀nà títí tó fi máa rẹ́ni tó máa mú un.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ wọn kò tíì tún kan àṣekágbá. Wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Papua New Guinea lọ́dún 2016. Lọ́dún 2018, ní Faransé, Ajibade ni kápítéènì, Spain ló sì dá wọn dúró ní 2-1. Àrùn Kòrónà pa ti 2020 rẹ́. Ní Costa Rica lọ́dún 2022, wọ́n na Faransé, Gúúsù Kòríà àti Kánádà tẹ̀léra tẹ̀léra, kí Netherlands tó bẹ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ní Kòlóńbíà lọ́dún 2024, Jàpáàn ni.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Falconets kò parẹ́ ṣá. Oshoala padà sí Kánádà lọ́dún 2015 pẹ̀lú Super Falcons, ó sì gbá góòlù wọlé Sweden ní Winnipeg. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò sí obìnrin mìíràn tó tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ní Barcelona, ó gba ife Champions League ní 2021 àti 2023. Ajibade ni kápítéènì tó gbé ife Áfíríkà kẹwàá ti Super Falcons ní Rabat lóṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn tí Morocco ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣáájú.

Oshoala ti dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ìkòròdú ti ní ikọ̀ ọkùnrin ní líìgì tó ga jù nílẹ̀ yìí láti ọdún 2024, ìyẹn Ikorodu City, inú wa sì dùn sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó ìyẹn. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ẹ ya ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní pápá ìlú, kí ẹ sì wá coach kan tì wọ́n. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kàwé, kí ẹ sì ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un bó bá bèèrè.