James West àti Ilẹ̀kùn tí a Tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí onílù bá ń lu dùndún níwájú ààfin Ọ̀ràngún ní Ìlá, ẹ rọra fi ìka kan awọ ìlù mìíràn tí a gbé sí ìtòsí. Ẹ ó rí i pé òun náà ń gbọ̀n, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lù ú. Ohùn a máa mi awọ. Lórí òtítọ́ kékeré yìí ni iṣẹ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dúró lé.

James West ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, a sì bí i ní Farmville, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1931. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó tún rédíò kan tí ó bàjẹ́ ṣe, ó gun orí ibùsùn, ó sì na okùn rẹ̀ mọ́ ojú iná tí ó wà lókè àjà. Iná mànàmáná gbá a mú pinpin, àfi ìgbà tí arákùnrin rẹ̀ tì í ṣubú. Ohun tí ìbá dẹ́rù ba ọmọ mìíràn di ìbéèrè lọ́kàn rẹ̀: kí ni agbára yìí?

Ìṣègùn ni àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ fún un. Bàbá rẹ̀ mú un lọ rí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí iṣẹ́ tí ó sàn ju ti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Bàbá kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí nígbà náà. Síbẹ̀, West yan físíìsì, ó sì wọ iṣẹ́ ní Bell Laboratories ní 1957.

Máìkì tí ó dára nígbà náà wọ́n púpọ̀, ó sì ń béèrè agbára iná láti òde. Ní 1962, West àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣe awọ máìkì. Wọ́n fi agbára iná pamọ́ sínú rẹ̀, kì í sì í tán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ohùn bá ti mi ọ̀rá náà, iná a máa yí padà bí ohùn ti ń yí. Máìkì di kékeré, ó di ọ̀pọ̀. Ó wọ inú tẹlifóònù àti ẹ̀rọ tí àwọn adití fi ń gbọ́ràn.

West kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn, kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn obìnrin lè rí àyè wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, ẹ má fi ọwọ́ ṣeré pẹ̀lú iná. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìkìlọ̀ àgbà, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ bàbá lè ṣí fún ọmọ, bí ọmọ bá ti múra sílẹ̀ kí ó tó ṣí.