Ìtàn Yorùbá Inú Fáìlì Kàdúná: Orísun Orí Ayélujára àti Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni a kò ti fi Ìtàn kọ́ni mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Ìjọba Àpapọ̀ tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìdápadà rẹ̀, tí wọ́n sì kéde pé olùkọ́ 3,700 ni yóò kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 2009 ti tó ẹni tí ń jáde girama kí ọdún 2022 tó parí. Láìpẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di olùkọ́ tí a ní kí ó kọ́ni ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ òun alára. Kò yani lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé orí ayélujára ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Irú ìtàn tí yóò bá níbẹ̀ ni kókó àròkọ yìí. Ìlú Kàdúná ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni apá ńlá kan nínú ìtàn Yorùbá wà nínú fáìlì, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò tilẹ̀ mọ̀.

Bí Ìtàn Yorùbá Ṣe Dé Kàdúná

Ní oṣù Kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìjọba amúnisìn Àríwá Nàìjíríà kalẹ̀ ní 1900, tí Lugard sì jẹ́ olórí rẹ̀, Ìlọrin àti agbègbè Kàbà bọ́ sí abẹ́ ìjọba náà. Báyìí ni ààlà kan ṣe la àárín àwọn ọmọ Odùduwà kọjá: Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Èkìtì wà ní ìhà kan; Ìlọrin, Ọ̀fà, púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà àti àwọn ará Òkun wà ní ìhà kejì. Kàdúná di olú-ìlú Àríwá ní nǹkan bí ọdún 1917, ó sì wà ní ipò náà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ìròyìn owó-orí, ìwé ẹ̀sùn àwọn ará ìlú àti ìwádìí lórí oyè jíjẹ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin àti Kàbà lọ sí Kàdúná.

Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike ni ó lọ káàkiri àwọn ọ́fíìsì ìjọba láti wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1954, ọdún náà gan-an ni a sì dá ilé ìkówèépamọ́ ìjọba sílẹ̀. Òfin ọdún 1957 fún un ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró. Ẹ̀ka mẹ́ta pàtàkì ni ó ní: Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Olùwádìí tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Ìlọrin lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò dé Kàdúná, yóò sì béèrè fún àwọn fáìlì tí a kọ ILORPROF sí lára. Ti Kàbà wà lára àwọn tí a kọ LOKOPROF sí. Ní Kàdúná kan náà ni Arewa House wà, nínú ọgbà ilé tí Sir Ahmadu Bello, Sardauna ti Sokoto, ń gbé kí wọ́n tó pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966. Láti 1970 ni a ti sọ ibẹ̀ di ibùdó ìwádìí àti ìkójọpọ̀ ìwé ìtàn. Abẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti àwọn olùwádìí nìkan lọ. Ní àárín 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń béèrè pé kí a dá Ìlọrin àti Kàbà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1958 kò mú kí ààlà náà yí padà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin tàbí ní Kàbà tí ó bá béèrè ìdí tí a fi ń pe ìlú rẹ̀ ní Àríwá kò le rí ìdáhùn tó kún láìkan fáìlì Kàdúná.

Ohun Tí Ayélujára Gbé Jáde àti Ohun Tí Ó Fi Sílẹ̀

A kò le sẹ́ pé ayélujára ti ṣe oore. Láti 2004 ni ilé-ìkàwé British Library ti ní ètò kan tí ń náwó sí yíya àwòrán ìwé tí ó wà nínú ewu káàkiri àgbáyé. Nínú ètò yìí ni a ti ya àwòrán àwọn ìwé ayé ìṣáájú ìjọba amúnisìn ní Àríwá Nàìjíríà. Ìlànà ètò náà ni pé ìwé gan-an kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè tí ó ni ín. Ibùdó Internet Archive náà ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dè mọ́ ni ó máa ń dé orí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́ jù. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó àti àwọn oníwàásù ni ó kọ púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohùn wọn ni ó ń ròkè jù. Èkejì ni pé ohun tí ó wà lórí ayélujára lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára kọlu British Library, ọ̀pọ̀ nínú àkójọ rẹ̀ kò sì ṣeé dé fún oṣù púpọ̀. Olùkọ́ tí kò ní ibòmíràn tí yóò yíjú sí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ti di amúnilẹ́kun.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò le ní àkísà bí àgbà. Ayélujára ní aṣọ. Kàdúná ni ó ní àkísà.

Àpẹẹrẹ Kan: Ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá

Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ kíláàsì rẹ̀ bí Ìlọrin ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ìwé Samuel Johnson ni yóò kọ́kọ́ rí. Johnson parí ìwé náà ní 1897, ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó fi jáde ní 1921. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ àlùfáà ìjọ. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìparun ilé baba rẹ̀.

Ní ọdún 1921 kan náà ni ìwé Elphinstone lórí Ìlọrin jáde. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni Elphinstone, ohun tí ajẹ́lẹ̀ nílò láti fi ṣàkóso ni ó sì kó jọ. Ṣùgbọ́n ṣáájú àwọn méjèèjì, ní 1912, àlùfáà Mùsùlùmí kan ní Ìlọrin, Ahmad bin Abi Bakr tí a mọ̀ sí Ìkókoró, ti fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn ẹ́míà ìlú náà. Lójú tirẹ̀, ìlú tí a tẹ̀ dó lórí ẹ̀sìn ni Ìlọrin. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ìwé yìí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá a, bẹ́ẹ̀ ni ìwé Johnson kò le tọ́ka sí i fún un.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Olùkọ́ tí ó ka Johnson nìkan fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ ará Ọ̀yọ́ àti àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ará Ìlọrin ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ bi ohunkóhun tí ó bá rí lórí ayélujára. Ta ni ó kọ ọ́, fún ta sì ni? Níbo ni ìwé gan-an wà, kí ni nọ́ḿbà fáìlì rẹ̀? Ohùn ta ni kò sí níbẹ̀? Bí orísun kan kò bá le dáhùn ìbéèrè kejì, kí olùkọ́ má ṣe gbára lé e, bí ó ti wù kí ó dùn ún kà tó.

Olùkọ́ tí ó wà ní Kàdúná ní àǹfààní pé ó le mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo fáìlì tí ọwọ́ akọ̀wé kan kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ti ń gbé ìlú náà láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn mọ̀ pé ìtàn ilé wọn wà nítòsí. Ti olùkọ́ Òkun tàbí Ìgbómìnà tí ọ̀nà Kàdúná jìn sí ni ó ṣòro. Òun gan-an ni ìranlọ́wọ́ ayélujára yẹ, òun náà sì ni fáìlì rẹ̀ kò tíì pọ̀ lórí rẹ̀ tó bí ó ti yẹ.

Ibí yìí ni iṣẹ́ kan àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé Kàdúná, nígbà tí oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ìdílé tí ó le fi ìdí wọn múlẹ̀ tàbí kí ó já wọn ní koro wà lẹ́nu àwọn àgbà ní èdè Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ lórí oríkì ìlú kan ní Ìgbómìnà le gbé ohun tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì ILORPROF lórí ìlú yẹn, kí ó sì túmọ̀ fáìlì náà sí Yorùbá tí ọmọ girama le kà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mélòó kan sórí ayélujára lọ́dọọdún, orísun tí kò sí tẹ́lẹ̀ yóò wà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ Ìtàn ti padà sí kíláàsì. Bí olùkọ́ bá gbà pé ohun tí ayélujára kò fi hàn kò ṣẹlẹ̀ rí, ìtàn Ìlọrin, Kàbà àti Ọ̀fà yóò tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ó kọ ọ́ fún ìwúlò ara wọn. Ìwé kò sì le dúró dè wá títí láé, nítorí pé ikán àti ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé. Fáìlì tí ó bá jẹrà ní Kàdúná kí ẹnikẹ́ni tó kà á ti mú ẹ̀rí kan kúrò nínú ẹjọ́ tí àwọn ọmọ wa ṣì ń béèrè ìdájọ́ rẹ̀.