Kànga Onípọ́ńpù àti Májèlé Abẹ́ Ilẹ̀ Bengal

Ásẹ́níìkì kò ní àwọ̀ nínú omi, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í yí adùn omi padà. Ènìyàn lè máa mu ún fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá kí ara tó fi hàn. Awọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́: àmì dúdú wínníwínní a yọ sí àyà àti ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ a le, wọn a sì hu kókó. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, jẹjẹrẹ awọ, ti àpò ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró lè tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Bengal, tí apá ìlà-oòrùn rẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè Bangladesh, tí apá ìwọ̀-oòrùn sì wà lábẹ́ Íńdíà, inú kànga tí wọ́n gbẹ́ láti fi dá ẹ̀mí àwọn ọmọdé sí ni májèlé yìí ti wọlé tọ àwọn ènìyàn wá.

Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni odò Ganges, Brahmaputra àti Meghna ti pàdé kí wọ́n tó ṣàn wọ òkun, omi a sì máa kún bo oko àti abúlé lásìkò òjò. Omi odò àti omi adágún ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ń mu láyé àtijọ́. Adágún kan náà ni wọ́n ti ń wẹ̀, òun ni wọ́n ti ń fọṣọ, òun ni màlúù ń mu. Onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí àwọn ìyá sinmi ẹkún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí Bangladesh ti di òmìnira ní 1971, ìjọba àti UNICEF tẹra mọ́ kànga onípọ́ńpù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ fi ọwọ́ rì bọ ilẹ̀, pẹ̀lú pọ́ńpù irin tí wọ́n dè mọ́ orí rẹ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n, nítorí náà kò pẹ́ tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1990, kànga wọ̀nyí ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ti aládàáni sì pọ̀ ju ti ìjọba lọ. Ikú ọmọdé dínkù gan-an láàárín àkókò yìí. Oore tí kànga ṣe kì í ṣe kékeré, kò sì yẹ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà mú kí a gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó léwu ni wọ́n ń wá nínú omi náà, kòkòrò àrùn ló sì jẹ wọ́n lógún jù. Ásẹ́níìkì kò sí lára ohun tí wọ́n ń dán wò. Bẹ́ẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ni ín. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn odò náà ti ń gbá ẹrẹ̀ bọ̀ láti òkè Himalaya, ásẹ́níìkì sì bá ẹrẹ̀ yìí wá, ó lẹ̀ mọ́ ìdógùn-ún irin tó bo ara iyanrìn. Níbi tí ewé àti igi jíjẹrà bá wà nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò tíńtín tó ń jẹ wọ́n a lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Bí ọ́síjìn bá ti tán, ìdógùn-ún irin náà ni wọn a yíjú sí. Irin a wá yọ́ sínú omi, ásẹ́níìkì tó lẹ̀ mọ́ ọn a sì bá a yọ́. Omi tó wà ní nǹkan bíi mítà 20 sí 100 nísàlẹ̀ ló sábà máa ń burú jù, ibẹ̀ gan-an sì ni páìpù ọ̀pọ̀ kànga dé. Omi inú ilẹ̀ àtijọ́ tó jìn ju mítà 150 lọ sábà máa ń mọ́.

Ní 1983, K. C. Saha, oníṣègùn awọ ara ní Kolkata ní Íńdíà, rí àwọn aláìsàn láti abúlé ìwọ̀-oòrùn Bengal tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti le, tí ara wọn sì kún fún àmì dúdú, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ásẹ́níìkì ni. Kí ọdún 1987 tó parí, àwọn mìíràn ti wá láti Bangladesh pẹ̀lú àìsàn kan náà. Dipankar Chakraborti, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Jadavpur, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní 1988. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń gba omi kànga, ìtọ̀, irun orí àti èékánná, nítorí pé irun àti èékánná a máa tọ́jú ásẹ́níìkì tí ènìyàn ti mu sára. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú ayé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ọdún 1993 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Bangladesh tó rí ásẹ́níìkì nínú kànga ní ẹkùn Chapai Nawabganj. Ọdún mẹ́wàá gbáko ti kọjá láti ìgbà tí Saha ti rí i, wọn kò sì dáwọ́ kànga gbígbẹ́ dúró fún ọjọ́ kan.

Ní 1992, British Geological Survey, àjọ tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ ní Bírítéènì, ṣe àyẹ̀wò omi abẹ́ ilẹ̀ ní apá kan Bangladesh, ṣùgbọ́n kò wo ásẹ́níìkì. Ará Bangladesh kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Bírítéènì. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé àjọ náà kò ní ojúṣe kankan sí i lábẹ́ òfin láti dáàbò bò ó.

Àjọ yìí kan náà àti ìjọba Bangladesh ló wá ṣe ìwádìí ńlá ti 1998 sí 1999. Wọ́n gba omi ní kànga 3,534 káàkiri ẹkùn 61 nínú 64. Nínú àwọn kànga tí kò jìn tó mítà 150, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni ásẹ́níìkì wọn ju máíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n Bangladesh. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1993 jẹ́ 10, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ju ìyẹn lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè tó mílíọ̀nù 35 ènìyàn tó ń mu omi tó ré kọjá 50. Ìtàn kò tíì mọ ìgbà tí májèlé kan ṣoṣo kan àwọn ènìyàn tó pọ̀ báyìí.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò kànga kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dán nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún wò, wọ́n kun ẹnu èyí tó dára ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì kun nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ní pupa. Kànga pupa àti ti aláwọ̀ ewé lè wà ní agbolé kan náà, nítorí pé ẹrẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò dọ́gba níbì kan àti ibòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, rírìn dé kànga aládùúgbò ló gbà wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ kankan. Kò rọrùn fún gbogbo obìnrin láti wọ agbolé ẹlòmíràn lọ pọnmi, àwọn tí àìsàn náà ti hàn lára wọn sì ń jẹ ìyà mìíràn: àwọn kan pè é ní ẹ̀tẹ̀, ọkọ kọ aya, ọmọbìnrin kò rí ọkọ fẹ́. Ní agbègbè Araihazar ní Bangladesh, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Columbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ ti ń tọpa ìlera nǹkan bíi 12,000 àgbàlagbà láti 2000. Ní 2010 wọ́n kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ikú tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ni a lè so mọ́ ásẹ́níìkì.

Ní ti ìwẹ̀nùmọ́ omi, ohun tó tú ásẹ́níìkì sílẹ̀ nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n yí padà láti fi mú un. Irin tó bá ń dógùn-ún nínú omi a máa fa ásẹ́níìkì mọ́ra. Àwọn ará abúlé to ìkòkò mẹ́ta léra, wọ́n da iyanrìn, èérún irin, èédú àti bíríkì fífọ́ sínú wọn. Abul Hussam, ọmọ Kushtia ní Bangladesh tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní George Mason University ní Amẹ́ríkà, tún ọgbọ́n yìí ṣe pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ títí tó fi di asẹ́ Sono. Ní 2007, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn Grainger, mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọ̀nà mìíràn lo garawa méjì: pòtásíọ̀mù pamáńgánéètì ló ń yí ásẹ́níìkì sí irú èyí tó rọrùn láti mú, alọ́ọ̀mù sì ń mú un sílẹ̀ bó ṣe ń mú ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú omi rírú. Gbogbo asẹ́ wọ̀nyí ń fẹ́ àbójútó, èyí tí kò sì rí àbójútó kì í pẹ́ di ìpatì.

Kànga jíjìn ni ọ̀pọ̀ àdúgbò nílò, ìjọba sì ti gbẹ́ púpọ̀. Ní 2016, Human Rights Watch ròyìn pé àwọn olóṣèlú ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí agbolé àwọn alátìlẹ́yìn wọn, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ènìyàn ṣì ń mu omi tó ré kọjá òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè náà. Lórí ọ̀pọ̀ kànga àtijọ́, ọ̀dà pupa àti ti aláwọ̀ ewé ti ṣí kúrò, àwọn onílé sì ń rì kànga tuntun tí ẹnikẹ́ni kò dán omi rẹ̀ wò.