Ìwọ̀ Tí Kì í Nà

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Yaba, píìnì ọ́fíìsì la máa ń tẹ̀ fi ṣe ìwọ̀. (Ìwọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ìkọ́. Aṣọ là ń fi ìkọ́ kọ́.) Lọ́jọ́ kan, létí ọ̀sà ní Makoko, ẹja ńlá kan gbé tèmi mì. Mi ò tiẹ̀ rí i. Píìnì ló padà wá, ó ti nà gbọnrangandan.

Ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn ìlú Redditch ní England, ó sì wá yé mi. Àwọn tó ń rọ abẹ́rẹ́ níbẹ̀ náà ló ń rọ ìwọ̀. Wọn kì í tẹ irin tó ti le, torí yóò kán. Wáyà rírọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ìgbà tó bá di ìwọ̀ tán ni wọ́n á fi í síná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á rì í sómi tàbí òróró, wọ́n á tún yá a níná díẹ̀ kó má baà gbẹ jù. Píìnì tiwa kò rí iná yẹn rí. Bẹ́ẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ iná àti omi yìí dáadáa lára ẹnu àdá.

Ní 1877 ni Mathias Topp ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwọ̀ fún iléeṣẹ́ Mustad ní Norway. Ìwọ̀ wá pọ̀ lọ súà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè mú kúta níbi tí ìgbì ti ń fọ́ ní Tarkwa Bay. Ẹ wá èyí tí wáyà rẹ̀ nípọn, tí wọ́n tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ fi kọ́ etí tábìlì, kí ẹ fà á. Èyí tí ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀ tó sì padà sáyè, ẹ rà á. Èyí tó nà, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó.