Àsomọ́

Ohun tí a so mọ́ òmíràn, kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò lè dá ṣe, ni àsomọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, plugin ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní Songon, lójú ọ̀nà Àbíjàn sí Dabou, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́mọ níwèé, greffon sì wà lára orúkọ tí èdè náà fún un. Ẹ̀ka tàbí ojú igi tí olóko so mọ́ igi mìíràn ni greffon gan-an, bí wọ́n ti ń ṣe fún rọ́bà. Orúkọ náà bá a mu.

Láyé ọjọ́un, bíráwúsà, tí a fi ń wo ojú ewé ayélujára, kò lè dá fi fídíò hàn. Flash Player la máa ń so mọ́ ọn. Àlàfo inú àsomọ́ yìí sì ni àwọn olè ń gbà wọlé. Adobe, iléeṣẹ́ tó ni Flash, pa á tì ní 31 Oṣù Kejìlá 2020. HTML5, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé ayélujára, ti jẹ́ kí bíráwúsà dá fídíò ṣe, nítorí náà kò sí àsomọ́ tuntun kankan láti wá: ẹ yọ Flash kúrò, kí ẹ sì sọ bíráwúsà di tuntun.

Ẹ̀yin ará Èjìgbò tí ẹ wà ní Àbíjàn, bí ojú ewé kan bá kọ ọ́ síwájú yín pé «Mettez à jour Flash Player» (ẹ sọ Flash Player di tuntun), irọ́ ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ pa ojú ewé náà dé.