Ìtàn Owó Ìdójútòfò Ọkọ̀ fún Awakọ̀ Tuntun ní Ọ̀fà, 1945 sí 2023

Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àyẹ̀wò ohun tí ó ń pinnu iye tí awakọ̀ tuntun ní Ọ̀fà ń san fún ìdójútòfò ọkọ̀.

Ní 1945, ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé dandan ni kí ọlọ́kọ̀ ṣe ìdójútòfò nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pa lára. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin, ní Àríwá, ni Ọ̀fà wà nígbà náà. Bíbọ́ tí ó bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara ní 1967 kò yí òfin náà padà. Ó jọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1930. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ orí awakọ̀ àti àdúgbò rẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń díye lé e. Ní Nàìjíríà, irú ọkọ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí NAICOM, àjọ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ náà, tún iye ṣe ní 2023, ọkọ̀ ara ẹni kúrò ní ₦5,000 bọ́ sí ₦15,000. Ti kẹ̀kẹ́ márúwá di ₦5,000, ti ọkọ̀ akẹ́rù ₦100,000.

Nítorí náà, iye kan náà ni ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lánàá àti ẹni tí ó ti wakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ń san, ní Ọ̀fà bí ní Èkó. Inú ìdójútòfò kíkún nìkan ni ibi tí ọkọ̀ ń sùn àti ìrírí awakọ̀ ti lè ní ipa.

Ìdọ́gba yìí kò lé awakọ̀ tuntun sá fún òfin. Ṣùgbọ́n owó onísùúrù ni ó ń gbé ẹrù oníwàdùwàdù.