Omi àti Ìlẹ̀kẹ̀ Ọba

Ìlẹ̀kẹ̀ ni a fi ń dá ọba mọ̀ láàárín èrò. Sẹ̀gi aláwọ̀ aró tí àwọn baba ńlá wa gbé níyì kì í ṣe òkúta, dígí ni. Ìtàn Kétu sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni ìdílé ọba wa ti ṣí wá, Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì ti ń yọ́ dígí fún ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ ní Igbó Olókun. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé kálísíọ̀mù àti alúmínà pọ̀ nínú dígí Ifẹ̀.

Kí ni èyí já mọ́? Yanrìn ni ara dígí, ṣùgbọ́n iyọ̀ irú èyí tó wà nínú eérú àti kán-ún ni ó ń mú kí yanrìn tètè yọ́. Bí ọ̀rinrin bá pẹ́ lára dígí, omi a máa fa iyọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀, a sì gba ipò rẹ̀. Ojú dígí á kọ́kọ́ ṣú, á máa kọ mànà bí òṣùmàrè, lẹ́yìn náà á máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Kálísíọ̀mù àti alúmínà a máa dí ọ̀nà omi yìí. Wọ́n wà lára ohun tó ran ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ lọ́wọ́ láti pẹ́ nínú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ inú àpótí wa. Ọ̀pọ̀ gba orí òkun wá láti Venice àti Bohemia, agbára wọn kò sì dọ́gba.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ohun tí ogun kò rí kó, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rinrin kó o. Ẹ má rẹ ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ sínú omi, ẹ má sì fi ọṣẹ àti kànìnkànìn họ ọ́: èèpo tó ń dán yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ìlẹ̀kẹ̀ gan-an ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ wé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá jogún ìlẹ̀kẹ̀ jogún ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.